KiCad: nínú gbogbo àfikún tí à ń fẹ́, èwo ló yẹ kó ṣíwájú?

Onísákíìtì_Kubwa

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará Àbújá, Kàdúná, Sáríà, Kánò, Minna àti Jos. Ẹ kú ooru náà.

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo wa tí à ń ya bọ́ọ̀dù níhìn-ín, KiCad, sọ́fítíwíà ọ̀fẹ́ tí a fi ń ya àwòrán sákíìtì àti bọ́ọ̀dù ẹ̀rọ, la fi ń ṣe é: bọ́ọ̀dù inverter, charge controller sólà, stabilizer, ẹ̀rọ tó ń pa pọ́ǹpù bóhòòlù nígbà tí táǹkì bá kún, ti ẹ̀rọ tí àwọn olùsìn adìẹ fi ń pamọ (incubator). Ìgbàkígbà tí a bá sì ti pàdé, oníkálukú á máa ka ohun tó fẹ́ kí wọ́n fi kún un. Mo ti kó wọn jọ: autorouter tó dáńgájíá (èyí tó máa fúnra rẹ̀ fa ọ̀nà kọ́pà lórí bọ́ọ̀dù), kí ó máa kìlọ̀ bí ọ̀nà iná 230 V bá súnmọ́ ti 5 V jù, kí fáìlì ẹ̀dà tuntun ṣeé ṣí nínú ẹ̀dà àtijọ́, kí ó fúyẹ́ lórí láàpútọ́ọ̀pù àlòkù, kí gbígbà á wálẹ̀ má jẹ dátà tó báyìí, kí àwọn ẹ̀yà tí à ń rà lọ́jà wà nínú láíbìrì rẹ̀ (àkójọ àwòrán ẹ̀yà tó bá a wá), kí ọ̀rọ̀ ojú rẹ̀ wà ní Yorùbá.

Kò sí èyí tí kò dára nínú wọn, ṣùgbọ́n a ò lè bẹ̀bẹ̀ fún gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. KiCad kì í ṣe ọjà ilé iṣẹ́ kan tí a lè lọ bá pé a ti sanwó. Jean-Pierre Charras ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ilẹ̀ Faransé lọ́dún 1992. CERN, ilé ìwádìí físíìsì tó wà ní Geneva, bá wọn dá sí i lẹ́yìn náà, àti pé láti 2019 ló ti wà lábẹ́ Linux Foundation, àjọ tó ń ti sọ́fítíwíà ọ̀fẹ́ lẹ́yìn. Ìwọ̀nba èèyàn ló ń kọ kóòdù rẹ̀, púpọ̀ nínú wọn ò sì gbowó lórí rẹ̀. Àkókò wọn là ń tọrọ. Mo fẹ́ ká mú ohun méjì tàbí mẹ́ta péré, ká kọ ọ́ dáadáa, ká sì dúró tì í. Kí lẹ rò pé ó yẹ kó ṣíwájú, kí lẹ sì fi ń mọ̀ pé òun ló yẹ?

Agùnbánirọ̀_Minna

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Autorouter ni tèmi. Níbi tí wọ́n gbé mi sí, à ń ya bọ́ọ̀dù fún ẹ̀rọ tó ń wọn bí ilẹ̀ oko ṣe tutù tó. Àwòrán sákíìtì kì í pẹ́ mi rárá. Fífa ọ̀nà kọ́pà láti ẹsẹ̀ ẹ̀yà kan dé èkejì ló ń gba ọ̀sẹ̀ mi tán. Bí gbogbo wa bá lọ tẹ àtàǹpàkò sí i lórí GitLab, ojúlé tí wọ́n ti ń gba ìbéèrè, ṣé wọn ò ní gbọ́ ni?

Olùkọ́_Sáríà

Àbúrò, o ṣeun tí o kọ́kọ́ dáhùn. Àwọn yòókù á dá ọ lóhùn lórí autorouter. Kí a tó máa to nǹkan tẹ̀ lé ara wọn, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yọ àwọn tó ti wà nílẹ̀ kúrò. Ohun tí mo ń rí lọ́wọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni pé ẹ̀dà 5 tàbí 6 tó ti inú flash ẹnìkan bọ́ sínú ti ẹlòmíì ni wọ́n ń lò. Ohun tí wọ́n ń tọrọ ti wọlé tipẹ́.

Ẹ wo ti 230 V. Ẹ̀dà 9, tó jáde ní Oṣù Kejì 2025, ti ń yẹ creepage wò. Fún ẹni tí kò tíì bá ọ̀rọ̀ náà pàdé: clearance ni àlàfo tààrà nínú afẹ́fẹ́ láàárín kọ́pà méjì, creepage ni ọ̀nà tí iná máa gbà bó bá ń rìn lórí ojú bọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀. Lókè Ọya níbí, creepage ló yẹ kó bà wá lẹ́rù jù. Eruku ọyẹ́ á wọnú inverter, á lẹ̀ mọ́ bọ́ọ̀dù, kò sì sẹ́ni tó máa ṣí i gbá. Òjò àkọ́rọ̀ bá dé, eruku náà á rin, iná á sì rí ọ̀nà gbà. Bọ́ọ̀dù tó ṣiṣẹ́ láìsí wàhálà ní Oṣù Kìíní lè jó ní Oṣù Karùn-ún láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Ìdí nìyẹn tí a fi ń la ihò gbọọrọ sí abẹ́ optocoupler (ẹ̀yà tó ń fi ìmọ́lẹ̀ gbé ìròyìn sí òdìkejì láìjẹ́ kí iná kọjá): iná á ní láti yí ihò náà ká kó tó dé òdìkejì. Láàárín ẹ̀gbẹ́ 230 V àti ẹ̀gbẹ́ tí ọwọ́ èèyàn lè kàn, ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ máa ń fi 6 mm sí 8 mm sílẹ̀. Irú ẹ̀rọ náà àti bí àyíká rẹ̀ ṣe dọ̀tí tó ló máa sọ iye tó yẹ gan-an.

Ẹ kó gbogbo okùn 230 V (ìyẹn àwọn ọ̀nà tó gbé iná náà) sínú net class kan, ẹgbẹ́ àwọn okùn tó ń tẹ̀ lé òfin kan náà, ẹ pè é ní INA230. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí Board Setup, ẹ lọ sí Custom Rules, ẹ kọ èyí síbẹ̀:

```
(version 1)
(rule "230V jinna si 5V"
  (constraint creepage (min 6mm))
  (condition "A.hasNetclass('INA230') && !B.hasNetclass('INA230')"))
```

Bí ẹ bá ti ṣe DRC, àyẹ̀wò tí KiCad fi ń wá ibi tí bọ́ọ̀dù ti rú òfin, á tọ́ka gbogbo ibi tí ọ̀nà náà ti kúrú. Ó ti kúrò nínú àtòkọ nìyẹn, a ò sì bẹ ẹnikẹ́ni.

Sabo_Kano

Ẹ ṣeun, Olùkọ́. Màá lò ó.

Iṣẹ́ àtúnṣe ni mo ń ṣe ní Sábó Gàrí, Kánò, mo sì ń ṣe bọ́ọ̀dù tèmi fúnra mi. Mo ń tẹ àwòrán rẹ̀ sórí bébà dídán, mo ń fi áyọ́ọ̀nù lẹ̀ ẹ́ mọ́ kọ́pà, mo ń fọ̀ ọ́ nínú ferric chloride. Ojú kan ṣoṣo ló ń ní.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó jẹ́ àfikún nìkan là ń sọ. Ohun tó wà, tí a ò fẹ́ kí wọ́n yọ kúrò ńkọ́? Láàpútọ́ọ̀pù mi jẹ́ àlòkù, ẹ̀rọ àwòrán inú rẹ̀ ti dàgbà. OpenGL, ọ̀nà tí sọ́fítíwíà ń gbà lo ẹ̀rọ àwòrán, ni KiCad ń fẹ́. Nígbà tí kò bá rí i lò, ó ní ọ̀nà kejì tí wọ́n pè ní Fallback Graphics. Ó lọ́ra, ṣùgbọ́n òun ni mo fi ń jẹun. KiCad tuntun ti kọ Windows 7 sílẹ̀, mo sì mọ àwọn tí ìyẹn so mọ́ ẹ̀dà 5 títí di òní. Lọ́jọ́ tí àwọn tó ń kọ kóòdù bá rò pé kò sẹ́ni tó ń lo Fallback mọ́, wọ́n á yọ ọ́, wọn ò sì ní mọ̀ pé àwọn ṣẹ ẹnikẹ́ni, torí àwa tó ń lò ó kì í sọ̀rọ̀ níbi tí wọ́n ti lè gbọ́. Èmi ò tọrọ ohun tuntun kankan. Kí wọ́n mọ̀ pé a wà ni mo fẹ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń fọ bọ́ọ̀dù nílé bíi tèmi, nígbà tí ẹ bá ń tẹ̀ ẹ́ jáde, ẹ yan Small níbi Drill marks. Á fi ojú kékeré sí àárín ibi tí ẹsẹ̀ ẹ̀yà máa wọ̀, ẹnu dírílì á jókòó síbẹ̀, kò ní yẹ̀.

Oníbọ́ọ̀dù_Wuse

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Ohun tí ará Kánò sọ yìí, ẹ jẹ́ ká gbé e sókè àtòkọ láti ìsinsìnyí.

Kubwa béèrè ohun tí a fi ń mọ̀. Ní ọ́fíìsì wa, ẹni tó bá mú àfikún wá sórí tábìlì gbọ́dọ̀ mú bọ́ọ̀dù tí àìsí rẹ̀ bà jẹ́ wá pẹ̀lú. Bọ́ọ̀dù gan-an ni mò ń sọ, kó gbé e kalẹ̀ ká jọ wò ó. Lẹ́yìn ìyẹn la máa béèrè bóyá ọ̀nà àbùjá wà tí a lè gbà títí wọn á fi ṣe é, àti ta ló máa ṣe é. Àfikún tí kò bá ní bọ́ọ̀dù lẹ́yìn máa ń dùn-ún gbọ́ létí, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ṣe é tán, ẹnikẹ́ni kì í lò ó.

Ẹ wo àpẹẹrẹ kan. Oníbàárà kan kó bọ́ọ̀dù wá, kò sí èyí tó ṣiṣẹ́ nínú wọn. Ó ní KiCad ló yẹ kó mọ̀ pé àwọn transistor òun wà lódì, ó ní ká bá òun kọ ọ́ ránṣẹ́ bí àfikún. A tú u wò. BC547 ló wà nínú àwòrán; C1815 ni ẹni tó lọ sọ́jà rà bọ̀, torí òun ló wà lórí igbá lọ́jọ́ náà. Bí ẹ bá kọ ojú pẹlẹbẹ transistor sí ara yín, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wà nísàlẹ̀, láti òsì sí ọ̀tún, ti BC547 jẹ́ C, B, E. Ti 2N3904 jẹ́ E, B, C. Ti C1815 jẹ́ E, C, B. Ilé TO-92 kan náà ni gbogbo wọn ń wọ̀, ihò kan náà sì gbà wọ́n. Kò sí sọ́fítíwíà tó lè mọ èyí tí ọmọ rà lọ́jà. Ohun tó gba oníbàárà náà là ni pé a kọ nọ́ńbà ẹ̀yà sójú bọ́ọ̀dù, a sì kọ E, B, C sí ẹ̀gbẹ́ ihò kọ̀ọ̀kan. Silkscreen ni, ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń tẹ̀ sójú bọ́ọ̀dù, ó ti wà láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ láíbìrì náà nìyẹn. Kì í ṣe àwọn tó ń kọ sọ́fítíwíà ló ń tọ́jú láíbìrì KiCad. Àwọn mìíràn ni, wọ́n ní ìlànà tiwọn tí wọ́n ń pè ní KiCad Library Convention, wọ́n sì ní ojúlé tiwọn lórí GitLab. Bí a bá gbé ọ̀rọ̀ láíbìrì lọ síwájú àwọn oníkóòdù, a kàn sún ìbéèrè wa sẹ́yìn ni. Púpọ̀ nínú ohun tí à ń pè ní ẹ̀yà ọjà wa sì ti wà níbẹ̀. Relay aláwọ̀ búlúù ẹlẹ́sẹ̀ márùn-ún tí gbogbo wa ń lò, ẹ wá SRD. Èyí tí kò sí ni àwọn transformer tí wọ́n ń wé lọ́wọ́ níbí, tí kò ní ìwé kankan. Ẹ mú caliper, ẹ wọn ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹ yà á, ká kó gbogbo rẹ̀ sí ojú kan. Iṣẹ́ ọwọ́ wa nìyẹn.

Agùnbánirọ̀_Minna

Ẹ ṣeun mà. Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀dù tèmi ò bàjẹ́, àkókò mi ló ń lọ. Ṣé ìyẹn ò tó kà?

Ṣọ́ọ̀bù_Jos

Ó tó kà, àbúrò mi, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé kò tó. Ó kàn jẹ́ pé ọ̀nà àbùjá wà fún un. Wá sọ́fítíwíà ọ̀fẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Freerouting. Inú KiCad ni wàá ti yan kí ó kó bọ́ọ̀dù rẹ jáde bí fáìlì Specctra DSN; Freerouting á fa ọ̀nà, á fún ọ ní fáìlì SES, wàá sì gbé ìyẹn padà wọlé. Fún bọ́ọ̀dù tó ń wọn omi ilẹ̀, tí iná inú rẹ̀ ò pọ̀, á ṣe ọ́ láǹfààní.

Ṣùgbọ́n má gbé bọ́ọ̀dù inverter fún un. Kò mọ ọ̀nà tó gbé ìwọ̀nba iná LED àti èyí tó gbé ti bátìrì. Kọ́pà tí wọ́n sábà máa ń fi ṣe bọ́ọ̀dù fún wa nípọn tó 35 µm, èyí tí wọ́n ń pè ní 1 oz. Bí o bá fẹ́ kí 10 A gba orí rẹ̀ kọjá, kí ó má gbóná ju ìwọ̀n 10 °C lé ti àyíká rẹ̀ lọ, ọ̀nà náà gbọ́dọ̀ fẹ̀ tó bíi 7 mm. Calculator Tools inú KiCad á ṣírò rẹ̀ fún ọ. Inú páálí ẹ̀rọ tó wà lójú oòrùn ní Kánò tàbí Sókótó ní Oṣù Kẹrin, àyíká náà ti gbóná kó tó bẹ̀rẹ̀, nítorí náà 10 °C yẹn kì í ṣe nǹkan tí èèyàn lè fi ṣeré.

Lórí àtàǹpàkò: ẹ rántí bí push-and-shove router ṣe wọlé, èyí tó máa ń ti ọ̀nà kọ́pà tó ti wà nílẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ nígbà tí o bá ń fa tuntun. Àwọn ará CERN nílò rẹ̀ fún bọ́ọ̀dù tiwọn, wọ́n sì fi òṣìṣẹ́ tiwọn kọ ọ́, gbogbo ayé wá jẹ nínú rẹ̀. Ẹni tó nílò rẹ̀ ló gbé ọwọ́ sí i. Àtàǹpàkò dára, ó ń jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ọ̀ràn náà kan ọ̀pọ̀ èèyàn, ṣùgbọ́n kì í kọ kóòdù.

Oníbọ́ọ̀dù_Wuse

Ará Jos, ibi tí ẹ fẹsẹ̀ lé yẹn ni bọ́ọ̀dù tèmi wà. Mo ní charge controller tó jóná lórí tábìlì níbí, ó ju ẹyọ kan lọ, láti ọwọ́ onírúurú èèyàn. Gbogbo wọn jóná ní ojú kan náà: ọ̀nà bátìrì tó fẹ̀ dáadáa, tó wá há lójijì níbi tó ti gba àárín ẹsẹ̀ méjì kọjá. DRC kò sọ nǹkan kan, torí ọ̀nà náà kò rú òfin kankan. Mo wá a nínú ẹ̀dà 9, mi ò rí ibi tí mo ti lè kọ ọ́ pé okùn yìí gbé 20 A, kí ó sì fúnra rẹ̀ sọ fún mi pé ibí yìí há jù. Lójú mi, àfikún tó ní bọ́ọ̀dù lẹ́yìn nìyẹn.

Olùkọ́_Sáríà

Mo gbà pé ó ní bọ́ọ̀dù lẹ́yìn. Ohun tí mo ń bẹ̀rù ni bí a ṣe máa béèrè rẹ̀. Bí ọ̀nà ṣe máa gbóná tó wà lọ́wọ́ bí kọ́pà ṣe nípọn, bóyá ó wà níta tàbí láàárín bọ́ọ̀dù, ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àti bí ibi tó há ṣe gùn tó. Bí a bá ní kí KiCad ṣírò gbogbo rẹ̀, wọ́n á sọ pé iṣẹ́ sọ́fítíwíà mìíràn nìyẹn, wọn ò sì ní jẹ̀bi. Ẹ jẹ́ ká béèrè kékeré: kí net class ní àyè fún iye amps, kí Calculator tó ti wà nínú rẹ̀ sọ bí ọ̀nà ṣe yẹ kó fẹ̀ tó, kí DRC kìlọ̀ lásán. Kò pọn dandan kó dá èèyàn dúró.

Kí ó tó dé, ọ̀nà àbùjá rẹ̀ nìyí. Ẹ fúnra yín ṣírò fífẹ̀ náà, ẹ kó àwọn okùn ńlá sínú net class AGBARA, kí ẹ sì fi èyí kún Custom Rules:

```
(rule "okun nla ko gbodo ha"
  (constraint track_width (min 7mm))
  (condition "A.hasNetclass('AGBARA')"))
```

Zone (kọ́pà tí a dà bo àyè fífẹ̀ kan) kì í ṣe track (ọ̀nà kọ́pà tí a fà), nítorí náà bí ẹ bá fi zone da kọ́pà sílẹ̀, òfin yìí ò ní rí ibi tó há nínú rẹ̀. Ẹ fi ojú yín wò ó.

Aláyẹ̀wò_Gwagwalada

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é lọ́hùn-ún, torí mo ti pẹ́ díẹ̀ lórí GitLab wọn, pàápàá níbi tí wọ́n ti ń ròyìn àṣìṣe sọ́fítíwíà.

Ìbéèrè tó máa rí ẹni gbọ́ ọ ni èyí tó sọ ìṣòro, tó sì fi ojútùú sílẹ̀ fún wọn. Ẹ má kọ pé "ẹ fi bọ́tìnnì báyìí síbí". Ẹ kọ pé: iṣẹ́ tí mò ń ṣe nìyí, ibi tó ti bàjẹ́ nìyí, fọ́tò bọ́ọ̀dù náà nìyí, ohun tí mo ń ṣe láti yẹ̀ ẹ́ nìyí. Àwọn gan-an mọ inú kóòdù náà, wọ́n lè rí ọ̀nà tó rọrùn ju tiwa lọ. Ẹ kọ́kọ́ wá a, bóyá ẹnìkan ti béèrè rẹ̀. Bó bá wà, ẹ tẹ àtàǹpàkò kí ẹ sì fi bọ́ọ̀dù tiyín kún un. Ẹ má kàn kọ "èmi náà" síbẹ̀, torí gbogbo ẹni tó ń tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ náà ni yóò gba ìkìlọ̀ lórí rẹ̀. Ohun kan nínú ìbéèrè kan.

Àkókò náà ṣe pàtàkì. Ẹ̀dà 7 jáde ní Oṣù Kejì 2023, ẹ̀dà 8 ní Oṣù Kejì 2024, ẹ̀dà 9 ní Oṣù Kejì 2025. Kí ẹ̀dà ńlá kan tó jáde, wọ́n máa ń ti ilẹ̀kùn: àfikún ò ní wọlé mọ́, àtúnṣe àṣìṣe nìkan ló kù. Ẹni tó bá béèrè àfikún lásìkò yẹn, ẹ̀dà tó ń bọ̀ lẹ́yìn ló ń bá sọ̀rọ̀. Àmọ́ ìgbà yẹn gan-an ni ìdánwò wa níye lórí jù. Wọ́n máa ń gbé ẹ̀dà ìdánwò jáde, wọ́n sì ń fẹ́ kí àwọn tó ní irú kọ̀ǹpútà tí wọn ò ní bá wọn dán an wò. Ará Kánò, láàpútọ́ọ̀pù yín yẹn, wọ́n nílò rẹ̀ ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ẹ má fi ẹ̀dà ìdánwò ṣe iṣẹ́ oníbàárà o: fáìlì tí ẹ bá fi pamọ́ sínú rẹ̀ kò ní ṣí nínú ẹ̀dà tó wà nílẹ̀.

Ìyẹn gbé mi dé ọ̀rọ̀ fáìlì ẹ̀dà tuntun nínú ẹ̀dà àtijọ́. Ẹ yọ ọ́ kúrò. Wọ́n ti béèrè rẹ̀ léraléra, àwọn oníkóòdù ò sì fẹ́ ẹ, torí ohun tí ẹ̀dà tuntun mọ̀ tí ti àtijọ́ ò mọ̀ máa dànù lójú ọ̀nà. Ká jọ máa lo ẹ̀dà kan náà ló dáa. Nígbà tí ẹ̀dà ńlá bá jáde, ẹ dúró de àtúnṣe rẹ̀ kìíní tàbí èkejì, kí gbogbo wa wá jọ gòkè lọ́jọ́ kan.

Iná tó máa ń lọ lójijì náà, kò sẹ́ni tó kọ ọ́ sí àtòkọ, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ó wà lọ́kàn yín. KiCad ń fúnra rẹ̀ fi iṣẹ́ yín pamọ́. Ẹ lọ sí Preferences, ẹ dín ìṣẹ́jú rẹ̀ kù. Ó sì ń kó ẹ̀dà iṣẹ́ yín sínú àpò kan tó parí sí "-backups" lẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣẹ́ náà. Ẹ má pa á rẹ́ nítorí àyè.

Sabo_Kano

Ọ̀rọ̀ dátà, a ti yanjú ẹ níbí. Ẹnìkan á gbà á wálẹ̀ lóru, àwa yòókù á fi hard disk gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó bá ń lo Ubuntu tàbí Debian lè fi kicad-packages3d sílẹ̀, àwòrán 3D ló wà níbẹ̀, òun ló sì wúwo jù. Bọ́ọ̀dù á ṣiṣẹ́ láìsí i.

Mo tún fẹ́ sọ ọ́ pé àwa nìkan kọ́. Àwọn Hausa tí a jọ wà ní ṣọ́ọ̀bù ń lo KiCad bí àwa náà ṣe ń lò ó, bọ́ọ̀dù wọn sì ń bàjẹ́ bíi tiwa. Kí ẹ tó kọ ohun kan ránṣẹ́, ẹ jẹ́ kí n bi wọ́n léèrè.

Ṣọ́ọ̀bù_Jos

Ó dáa bẹ́ẹ̀. Lórí ọ̀rọ̀ ojú rẹ̀ ní Yorùbá: mò ń kọ́ àwọn ọmọṣẹ́ tó fi ilé ìwé sílẹ̀ ní kékeré, òye iṣẹ́ yé wọn, Gẹ̀ẹ́sì ojú kọ̀ǹpútà ló ń dá wọn dúró. Mi ò fẹ́ ká sọ ọ́ nù.

Olùkọ́_Sáríà

Ẹ̀gbọ́n, a ò sọ ọ́ nù. Orí Weblate, ojúlé ìtumọ̀ sọ́fítíwíà, ni wọ́n ti ń túmọ̀ KiCad, kò sì gba kí èèyàn mọ kóòdù, nítorí náà kì í bá àfikún yòókù du àkókò ẹnikẹ́ni. Èrò tèmi ni pé àwọn ọmọṣẹ́ yín á tètè jàǹfààní ìwé kékeré kan ní Yorùbá, bí wọ́n ṣe ń ti àwòrán sákíìtì dé Gerber (fáìlì tí à ń fún àwọn tó ń ṣe bọ́ọ̀dù), ju kí a bẹ̀rẹ̀ sí í túmọ̀ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọ̀rọ̀ bọ́tìnnì.

Ṣọ́ọ̀bù_Jos

Ìwé á ràn wọ́n lọ́wọ́. Síbẹ̀, ojú kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń wò láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Màá kọ ìwé náà, màá sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àwọn ìkìlọ̀ DRC lórí Weblate, torí ìkìlọ̀ tí ọmọṣẹ́ ò lóye ni ó ń tẹ̀ kọjá.

Onísákíìtì_Kubwa

Ẹ kú làálàá o. Mo ti kà á látòkè délẹ̀.

Ohun tó kù fún wa láti bá àwọn oníkóòdù sọ jẹ́ méjì. Èkíní ni Fallback Graphics: a kò ní tọrọ nǹkan, ìròyìn là máa fún wọn, pé kọ̀ǹpútà báyìí báyìí ló ń lò ó, iṣẹ́ báyìí la fi ń ṣe, kí ẹ̀dà ìdánwò tó ń bọ̀ sì bá wa nílẹ̀. Gwagwalada á bójú tó èyí. Èkejì ni ìkìlọ̀ amps lórí ọ̀nà kọ́pà, bí Olùkọ́ ṣe dín in kù. Àǹtí Wuse, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa ya fọ́tò àwọn charge controller tó jóná náà, kí ojú ibi tó há hàn ketekete, kí a sì lè rí ọ̀nà náà nínú fáìlì. Màá kọ́kọ́ wá a bóyá ẹnìkan ti béèrè rẹ̀. Kánò á bá àwọn Hausa sọ̀rọ̀ kí n tó fi ránṣẹ́.

Láíbìrì transformer, ìwé Yorùbá àti ìtumọ̀ kò nílò àṣẹ ẹnikẹ́ni, ẹ bẹ̀rẹ̀. Agùnbánirọ̀, dán Freerouting wò lórí bọ́ọ̀dù omi ilẹ̀ rẹ, kí o sì sọ ibi tó ti kọsẹ̀ fún wa. Bọ́ọ̀dù náà ni a máa gbé dání bí a bá máa sọ̀rọ̀ autorouter lọ́jọ́ iwájú. Lórí owó: mo mọ̀ pé àwọn kan ti ń sọ pé ká dá a jọ. KiCad ń gba ọrẹ, ẹni tó bá ní kó fi ránṣẹ́ lórúkọ ara rẹ̀. Ìdánwò àti fọ́tò wa níye lórí ju ìwọ̀nba náírà tí a lè kó jọ lọ lásìkò yìí.

Ẹni tó bá ń lo Fallback, kó kọ irú kọ̀ǹpútà rẹ̀, RAM rẹ̀, ètò tó wà lórí rẹ̀ àti ẹ̀dà KiCad rẹ̀ síbí.

Sabo_Kano

ThinkPad T400, RAM 4 GB, Ubuntu 22.04, KiCad 9. Bọ́ọ̀dù stabilizer olójú kan ni mo fi ń yà. Ó máa ń lọ́ra bí zone bá pọ̀, kò tíì kú rí.

Agùnbánirọ̀_Minna

HP 630, RAM 4 GB, Windows 10, KiCad 8. Fallback náà ni. Freerouting ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ báyìí, màá gbé àbájáde rẹ̀ wá.